Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Dúró ní Òpó Ìfúnni Nínú Adágún Òjijí

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ẹ jókòó. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ̀pà kí ó tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò fẹ́ ariwo eyín. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ògúnjìmí yìí, mo ti bá ìkookò du ẹran, mo sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ti sùn nínú ihò òkè tí erè ń sùn, erè ni ó dìde lọ wá ibòmíràn. Bí mo bá fẹ́ fọ́nnu lónìí, a kò ní lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́gbàmí ọ̀rẹ́ mi ni, ọkùnrin tí mo fi ẹnu kan irin búra fún pé n kò ní sọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè. Ó ti lọ. Kí Elédùmarè tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ikú ti tú ìbúra náà, ẹrù sì wúwo lọ́rùn àgbà tí ó dá nìkan rù ú.

Ọdẹ́gbàmí kì í ṣe ènìyàn gíga, kò sì lẹ́wà tó èmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mo sọ. Ohùn rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń sun ìjálá bọ̀ láti oko, àwọn tí ń kọ ebè á fi ọkọ́ tilẹ̀, wọ́n á máa gbọ́. Àwọn ẹyẹ á dákẹ́. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ ọṣẹ dúdú ni ó ń ṣe. Ẹ mọ iṣẹ́ náà: a ó sun èèpo kòkó di eérú, a ó da eérú sínú ìkòkò tí a lu nídìí, a ó bu omi lé e, omi eérú á sì máa kán tó, tó, tó, sínú igbá nísàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a fi ń se àdín tí ó fi ń di ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró kì í pọ̀, àfi bí ó bá ń ki ọṣẹ rẹ̀ níbi tí ó ti ń rò ó:

Ọṣẹ dúdú, ọmọ eérú tí í sọ ara di funfun.
Iná ni ìyá rẹ, omi ni bàbá rẹ,
àwọn méjèèjì kì í sùn sórí ẹní kan.
A bí ọ nínú ìjà, o wá di onílàjà ara.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, Ọdẹ́fúnkẹ́. Ohùn bàbá rẹ̀ ni ó jogún. Ó ku oṣù mẹ́ta kí ó lọ sílé ọkọ, gbogbo àdúgbò ni ó sì ń retí ọjọ́ tí yóò sun ẹkún ìyàwó. Àwọn ìyá àgbà ti ń wí pé ẹkún Ọdẹ́fúnkẹ́ á mú òkúta ṣomi.

Nínú ilé wọn, igbá méjì ni ó ń rọ̀ sórí igi kan ṣoṣo lábẹ́ ìgbátí. Ọ̀kan jẹ́ ti omi mímu, ọ̀kan jẹ́ ti omi eérú. Ojú kò lè dá wọn mọ̀. Nítorí náà, ti omi eérú ní màrìwò tí a so mọ́ ọrùn rẹ̀. Ọmọ tí ń rá pàápàá ní àdúgbò mọ̀ pé ohun tí ó bá wọ màrìwò, ẹnu kì í kàn án.

Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́gbàmí pa ẹfọ̀n. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tí ó pa ẹfọ̀n kì í wọ ìlú lásán, màrìwò gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ìbọn rẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí ó lè wá màrìwò. Bí ó ti ń wò yí ká, ó gbọ́ ariwo níta: "Ọdẹ dé o! Ọdẹ́gbàmí, máa bọ̀ kí a rí ọ!" Igi ọ̀pẹ kò sí nítòsí. Ojú rẹ̀ bá ọrùn igbá omi eérú. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "N ó dá a padà bí wọ́n bá kí mi tán." Ó tú u, ó so ó mọ́ ìbọn, ó jáde lọ gba ìyìn.

Ìyìn dùn, ẹ̀yin ará mi. Ìyìn a máa mú ènìyàn pẹ́ níta.

Oòrùn ọ̀sán mú gan-an ni lọ́jọ́ náà. Ọdẹ́fúnkẹ́ ti oko dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó gbójú sókè, kò rí màrìwò lọ́rùn igbá kankan. Ó mú èyí tí ó sún mọ́ ọn. Ẹnu kan ṣoṣo ni ó mu. Igbe kan ṣoṣo ni ó ké, ìyẹn náà ni igbe ìkẹyìn tí ó ti ọ̀fun rẹ̀ jáde.

Kò kú. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, àwọn tí ó mọ ìtọ́jú sì ṣe èyí tí agbára wọn ká. Ṣùgbọ́n inú ọ̀fun rẹ̀ ti bó bí èèpo iṣu tí a sè. Bí ó bá yanu, afẹ́fẹ́ lásán ni. Gbogbo àdúgbò sì kọ ojú sí Àwẹ̀ró: "Obìnrin wo ni í gbàgbé màrìwò?" Àwẹ̀ró ní, "Bóyá mo gbàgbé lóòótọ́. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà." Ọdẹ́gbàmí dúró níbẹ̀, ó gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilé dá, ó tú màrìwò kúrò lára ìbọn, ó so ó padà sọ́rùn igbá.

N kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ mi kò jẹun mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó wá bá mi. "Ògúnjìmí, o rántí Igbó Ìyípadà tí àwọn bàbá wa máa ń sọ?"

Mo ní, "Èyí tí wọ́n ní ohun tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde bí ó ṣe wọlé?"

"Òun ni. Wọ́n ní kò sí ohun tí ń sọnù níbẹ̀, ó kàn ń di nǹkan mìíràn ni. Ìyá kan wà ní adágún ibẹ̀ tí ó lè fi ohun tí ó wà lára ọ̀kan wọ èkejì láṣọ. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀fun ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹni tí ó bá lọ nìkan, tí ó bá parọ́ nígbà tí ó dé, ta ni yóò já a? N ó bá ọ lọ."

Ọdẹ́gbàmí bọ́ ẹ̀wọ̀n irin tín-ín-rín kan kúrò lọ́rùn Ọdẹ́fúnkẹ́, èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ fún un ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí a ti ń jáde, Àwẹ̀ró tẹ̀lé wa dé ìloro. Ó kúnlẹ̀. "Baálé mi, bí ẹ bá rí ìyá náà, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ọmọ mi lè dárí jì mí." Ọdẹ́gbàmí yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ìyọ́nú ni.

Ìlú Kíkan ni a kọ́kọ́ dé nínú igbó náà. Ògiri ìlú náà pọ́n bí omi ìṣápá. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ rí tín-ín-rín, ojú gbogbo wọn sì fún pọ̀ bí ojú ẹni tí ó lá òroǹbó wẹ́wẹ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ni ó ń hó. Oníbodè wọn di ẹnu ìbọn mi mú, irin ìbọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfóòfó, ó ń dún ṣìì, ṣìì.

"Ẹ kú ìrìn o," ni ó wí, ó ń lá ìka rẹ̀. "Irin yín dùn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ìbọn ni, kì í ṣe iṣu sísun!"

"Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé irin wá sí ìlú wa, oúnjẹ ni ó gbé wá. Ti àgbẹ̀ ni? Ti ọdẹ ni? Ẹnu kan náà ni a fi ń jẹ wọ́n."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní kí n mu tábà. Mo ṣá ìṣáná lẹ́bàá ìbọn tí ń hó yìí, ni afẹ́fẹ́ tí ń ti ìfóòfó náà jáde bá gbaná: pọ̀ọ́! Oníbodè fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì. Èmi Ògúnjìmí gbé àyà sókè, mo ní, "Ẹ ò tíì rí nǹkan! Kékeré ni mo fi hàn yín!" Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin ará. Mo rọra fọwọ́ kan ṣòkòtò mi wò bóyá ó ṣì gbẹ.

Oníbodè dìde, ó ń gbọn erùpẹ̀ nù. "Ọkùnrin yìí gbọ́n. Bí a bá ń jẹ irin, ẹ̀mí kan máa ń ti inú wa jáde, bí iná bá kàn án, á ké. Kí ni ẹ̀ ń wá?"

Ọdẹ́gbàmí ní, "Igbá kan péré nínú omi yín. Wọ́n ní adágún kì í gba ẹni tí kò bá mú iyọ̀ wá, wọ́n ní omi tiyín àti omi àwọn Eérú ni a fi ń ṣe iyọ̀ náà."

"A kì í tà á. Àlọ́ ni a fi ń gbà á. Kí ni ń jẹ ọ́ tí kì í ṣe ebi, tí kì í ṣe àìsàn, tí ó ń jẹ ọ́ láti inú bọ̀ síta bí àwa ṣe ń jẹ irin láti ìta wọ inú?"

Ọdẹ́gbàmí ní, "Ìbànújẹ́ ọmọ mi ni. Ìyàwó mi gbàgbé láti so màrìwò mọ́ ọrùn igbá."

Wọ́n bu omi sínú igbá rẹ̀. Omi náà hó, ó dá ìdí igbá lu, ó ṣàn lọ. Oníbodè rẹ́rìn-ín. "Omi wa kì í dúró nínú igbá onírọ́. Tún un sọ."

Ọdẹ́gbàmí gbé igbá tó lu náà sílẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn ńlá tí mo mọ̀ yẹn ti di ohùn ọmọdé. "Èmi ni mo tú màrìwò náà. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bú ìyá ọmọ mi, mo sì dákẹ́."

Ẹ̀yin ará mi, ọwọ́ mi wà léjìká rẹ̀ nígbà náà. Mo yọ ọ́. Mo rántí Àwẹ̀ró lórí orúnkún rẹ̀ ní ìloro. Mo rìn sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé, èmi tí mo ń bínú yìí, ìyìn wo ni èmi náà kò lè tú màrìwò fún? Mo padà gbé ọwọ́ mi síbi tí ó wà. Wọ́n bu omi mìíràn sínú igbá tuntun. Ó dúró.

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ ni a dé Ìlú Eérú. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ wa kan ṣèṣì wọ ibẹ̀! Ibi gbogbo funfun. Ilẹ̀ ń yọ̀, ọwọ́ àwọn ènìyàn ń yọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń yọ̀ jù gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó pariwo níbẹ̀. Yèyé Eérú, olórí wọn, fa Ọdẹ́gbàmí mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ti jẹ ọ́ lọ́hùn-ún, àbí? Àwọn aláìláàánú. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ṣé ìwọ ni o ní kí oòrùn mú? Ṣé ìwọ ni o so igbá méjì sórí igi kan?"

Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń wẹ̀ ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ìgbà tí mo wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń parẹ́. Ara rẹ̀ ń yọ ìfóòfó. Ọ̀rá ara rẹ̀ ń di ọṣẹ mọ́ ọn lára!

"Ọdẹ́gbàmí, dìde!"

"Fi mí sílẹ̀, Ògúnjìmí. Ó mà tù mí lára o. Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ṣé ọmọ náà kò lójú ni? Kí ló dé tí kò gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó mu ún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ọ̀bẹ lọ. Mo ṣí igbá omi Kíkan, mo kán ẹ̀kán kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ké, ó fò sókè, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo èmi. Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti sọ. Ó bo ojú.

Yèyé Eérú kò bínú. Ó fún wa ní igbá omi wọn kan láìbèèrè nǹkan kan. "Ẹ máa gbé e lọ. Ẹni tí ó bá ti tọ́ àwáwí wò, òun fúnra rẹ̀ á tún padà wá." Mo ní, "Ìyá, ẹ óò pẹ́ kí ẹ tó rí wa o." Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lójú ọ̀nà àbájáde, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí yín.

Òkúta kan wà ní ààlà ìlú méjèèjì, ibẹ̀ ni a ti ń po omi náà pọ̀. A já òdòdó ìṣápá tí ó hù níbẹ̀, a rẹ ẹ́ sínú omi Kíkan kí àwọ̀ rẹ̀ lè fi ìwọ̀n hàn wá, ó sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọdẹ́gbàmí bá da omi eérú lé e gbàà, bí ẹni tí ó fẹ́ kí ìyà tán kíákíá. Igbá náà gbóná dé ibi tí ọwọ́ kò gbà á, àwọ̀ omi sì di ti ewé. Eérú ti pọ̀ jù. Ó da Kíkan lé e, ó tún pọ́n. Ó tún da eérú, ó tún di ewé. Mo ní, "Ọdẹ́gbàmí, ọ̀nà tí a fi ń dọdẹ kọ́ nìyí. Kán an." Ó jókòó. Ó ń kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀kán ẹ̀bi kan bá wọlé, ẹ̀kán àánú kan á pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì kú sínú ara wọn. Oòrùn yí láti ìlà dé àtàrí kí omi náà tó di elésè àlùkò, tí kì í ṣe ti Kíkan, tí kì í ṣe ti Eérú. Ó tọ́ ọ wò. Kò jẹ ẹ́, kò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Omi iyọ̀ ni. Nígbà tí oòrùn fa omi náà gbẹ, ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan ni ó kù.

"Ohun tí ó kù lára mi nìyí," ni ó wí.

Bí a ṣe dé adágún náà nìyí. Òpó méjì dúró láàrin rẹ̀, ìyá arúgbó kan sì jókòó létí omi pẹ̀lú ẹja òjijí kan tí ó gùn tó ọkọ̀. Ẹ mọ òjijí, ẹja tí í na ènìyàn láìní ọwọ́. Ẹ gbọ́ bí ìyá náà ṣe ń kì í:

Òjijí, o kò ní pàṣán, o ń na àgbà.
O gbọn apẹja, ó ju àwọ̀n nù, ó gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀.
Manamana tí kò gun òkè ọ̀run,
tí ó sọ̀kalẹ̀ wá gbé inú ẹrẹ̀.

Ó gbójú sókè. "Ta ni ó bí yín? Ṣé ẹ mú iyọ̀ wá?"

Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀. "A mú un wá, ìyá."

"Omi lásán kì í ru ẹrù òjijí. Iyọ̀ ni í la ọ̀nà fún un." Ó da iyọ̀ náà sómi, ó na òjijí pẹ̀lú ewé. Lójú ẹsẹ̀ ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfóòfó lára òpó méjèèjì, ti ọ̀kan pọ̀ ní ìlọ́po méjì ti èkejì. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ni èyí?"

"Omi ni ó ń kọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ti rò pé ẹyọ kan ni omi? Tọkọtaya ni. Bí òjijí bá nà wọ́n, oníkálukú á gba òpó tirẹ̀ lọ." Ó yíjú sí Ọdẹ́gbàmí. "Òpó Ìfúnni nìyẹn, Òpó Ìgbà nìyí. Bí a bá so bàbà mọ́ Ìfúnni, tí a so irin mọ́ Ìgbà, bàbà á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á sì máa wọ irin láṣọ. Bí ti ìhín ṣe ń tán ni ti ọ̀hún ń nípọn. Kí ni o fẹ́ fi wọ ọ̀fun ọmọ rẹ?"

Ọ̀rẹ́ mi fa ẹ̀wọ̀n irin náà yọ. "Ẹ so èyí mọ́ Òpó Ìgbà. Ohùn mi ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ọdẹ́gbàmí! Tábà ni kí o fún un! Ẹran ni kí o fún un! Ọdẹ wo ni kì í sun ìjálá?"

Ìyá náà kò wò mí. "Ọmọ rẹ ń lọ sílé ọkọ. Kí ni ìdílé yín ń ṣe fún ìyàwó?"

Ọdẹ́gbàmí ní, "Bàbá rẹ̀ ni í fẹnu sí i létí, tí í sọ ìwúre ìdílé. Bàbá mi ni ó kọ́ mi nígbà tí ó ń kú lọ. Etí ẹlòmíràn kì í gbọ́ ọ."

"Ṣé o mọ̀ pé o kò ní lè sọ ọ́ mọ́?"

"Mo mọ̀. Ìwúre wo ni mo fẹ́ sọ sí etí ọmọ tí mo sọ di odi?" Ó kọjú sí mi. "Ògúnjìmí, fẹnu kan irin. Ọdẹ́fúnkẹ́ kò gbọdọ̀ mọ ibi tí ohùn náà ti wá níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé. Bí ó bá mọ̀, á já ẹ̀wọ̀n náà, á ní kí n gbà á padà. Kí o sì sọ fún Àwẹ̀ró pé kì í ṣe òun."

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Ó wọnú omi, ó di Òpó Ìfúnni mú. Òjijí nà á. Mo rí i tí ó ń yanu, tí ohùn rẹ̀ ń tinú rẹ̀ jáde bí eruku pupa, tí ó ń gba inú omi lọ. Ìjálá tí ó sun nígbà tí a wà lọ́mọdé, mo gbọ́ ọ tí ó kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bí ó ṣe ń pè mí lóko, "Jìmí o! Jìmí!", ó kọjá. Ẹ̀wọ̀n irin náà ń pọ́n, ó ń dán. Nígbà tí òjijí dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi jáde, ó wò mí, ó sì mi ètè. Mo dá a lóhùn bí ẹni pé mo gbọ́.

A délé. Ẹ̀wọ̀n náà wọ ọrùn Ọdẹ́fúnkẹ́, ní ọjọ́ keje ó lanu pe ìyá rẹ̀. Ayọ̀ náà kò ṣeé sọ. Àwọn ènìyàn ní ohùn ọmọbìnrin náà ti wúwo díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni yóò jọ." Nígbà tí wọ́n bèèrè ohun tí ó ṣe bàbá rẹ̀, mo ní iwin ni ó gba ohùn rẹ̀. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n gbàgbé.

Mo pe Àwẹ̀ró sẹ́yìn ilé, mo jẹ́ iṣẹ́ tí ó rán mi. Ó ń ro ọṣẹ, kò dá ọwọ́ dúró. "Mo ti mọ̀ tipẹ́, Bàbá Ògúnjìmí. Nígbà tí mo padà bá màrìwò lọ́rùn igbá, kókó ọdẹ ni wọ́n ta sí i. Èmi kì í ta kókó bẹ́ẹ̀."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n máa bú ọ?"

"Ó ti ru ẹrù tirẹ̀. Ta ni yóò bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí mo bá tún di tèmi lé e?"

Ọjọ́ ìyàwó pé. Ọdẹ́fúnkẹ́ sun ẹkún débi pé àwọn ọkùnrin fi ọwọ́ bo ojú. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó gbé etí sí ẹnu rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí di orí rẹ̀ mú. Ètè rẹ̀ ń lọ. Mo rí i pé gbogbo ìwúre náà ni ó ń sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Èémí lásán ni ó ń wọ etí ọmọ. Ọdẹ́fúnkẹ́ dúró, ó ń retí. Àwọn ará ilé ọkọ ní, "Ọ̀nà jìn o." Ó dìde, ó ní, "Ó dàbọ̀, Bàbá," ó sì lọ. Ọdẹ́gbàmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ń sunkún lọ lójú ọ̀nà oko títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Kò pé ọdún méjì tí a fi sin ín.

Lẹ́yìn tí a sin ín ni mo lọ bá Ọdẹ́fúnkẹ́ nílé ọkọ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi òpó méjì, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀, ó dì í mú bí ẹni fẹ́ já a. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òpó Ìfúnni ti wó, ọmọ mi. Bí o bá já a, kò sí ẹni tí yóò gbà á."

Ó bi mí pé, "Bàbá Ògúnjìmí, ohùn rẹ̀ wà lọ́rùn mi. Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ sí mi létí lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ẹ̀yin ará mi, èmi tí erè sá fún, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n. Kò fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bá a wọlẹ̀ lọ."

Ó bú sẹ́kún. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ni mo sì gbọ́ tí ń sunkún níwájú mi, bí mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe wa, n kò sì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n rẹ̀ lẹ́kún.